Ọta Tó Bá Ìbọn Wúràọlá Mu

Ní àdúgbò Barriera di Milano nílùú Turin, bí ènìyàn bá béèrè onídìrí tí ọwọ́ rẹ̀ dá múṣé, ṣọ́ọ̀bù Wúràọlá ni wọn yóò júwe fún un. Ṣọ́ọ̀bù náà kò jìnnà sí ibùdó bọ́ọ̀sì, ó wà láàárín ilé ìfówóránṣẹ́ kan àti ilé búrẹ́dì ará Morocco kan. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn ọmọ tó dirun fún nígbà tí wọ́n ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi ti ń gbé ọmọ tiwọn wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé lọ́jọ́ Sunday, bí ìsìn bá ti parí, obìnrin náà a tú gèlè, a wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ kan tó le gbandi bíi páálí, a sì forí lé ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn.

Kì í ṣe ohun tó jogún. Àwọn tó bá gbọ́ a máa rò pé ọmọ ọdẹ ni, wọn a ní ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wo? Adélékè bàbá rẹ̀, akọ̀wé ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlá Ọ̀ràngún, ẹni jẹ́jẹ́ tó jẹ́ pé bí àwọn ọmọdé bá ń yin nọ́káòtù nígbà Kérésì, yàrá ló máa ń wọ̀ lọ, tí á fi aṣọ bo etí. Ọmọ tí Wúràọlá fúnra rẹ̀ bí ló fà á dé ìdí ìbọn.

Turin ni wọ́n bí Tíolúwaní sí. Nígbà tó di ọmọ ọdún méjìlá, ní ọdún 2010, ilé ẹ̀kọ́ wọn kó wọn lọ sí ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn abatẹ́gùn kọ́ àwọn ọmọdé. Ọmọ náà dé ilé, ó ní òun fẹ́ máa lọ. Wúràọlá fọwọ́ sí ìwé, ó bá a ra jákẹ́ẹ̀tì, ó ń sìn ín lọ, ó ń sìn ín bọ̀. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí Tíolúwaní fi sọ pé ó ti sú òun, pé bọ́ọ̀lù afọwọ́gbá ni gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ òun ń gbá. Ìyá rẹ̀ bínú díẹ̀, ó sì gbéra láti lọ dá àwọn ohun tí wọ́n yá wọn padà.

Ẹni tó bá níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni Signor Matteo, bàbá àgbàlagbà kan tó ti fi ogójì ọdún tún ọkọ̀ tráámù ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, tó wá ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìbọn yíyìn. Bàbá náà kò fẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ó gbé ìbọn abatẹ́gùn lé e lọ́wọ́, ó fi bí yóò ṣe dúró hàn án, ó ní kó yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún péré, kó lè rí ohun tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Wúràọlá yìn ín. Mẹ́rin nínú márùn-ún wọnú dúdú àárín bébà. Bàbá náà wo bébà, ó wo obìnrin náà, ó béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ó ní irun lòun ń dì.

"Mo rò ó bẹ́ẹ̀," ni Signor Matteo wí. "Ẹni tó lè fi wákàtí mẹ́fà na ọwọ́ sókè tí ọwọ́ náà kò ní gbọ̀n, kí ló tún fẹ́ kọ́?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wúràọlá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́, ó lọ sọ́dọ̀ dókítà gba ìwé, ó tò sórí ìlà ní Questura, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń fúnni ní ìwé àṣẹ, títí wọ́n fi fún un ní èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó ń fi ìbọn ṣe eré ìdárayá. Ó rí i pé ìdákẹ́rọ́rọ́ tó wà láàárín èémí méjì, tí òun fi máa ń la pátì-ín irun, òun náà gan-an ni èèyàn fi ń fa ìbọn. Láàárín ariwo ẹ̀rọ ìgbẹrun àti ẹjọ́ àwọn oníbàárà tó ń gbọ́ láti Monday dé Saturday, ibi ìyìnbọn nìkan ni kì í ti í gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun ìdítí wà ní etí gbogbo wọn.

Ní ọdún 2015, orúnkún Signor Matteo kò gba àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Genova, ìlú tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ òkè, ṣùgbọ́n tí ilé ọmọ náà ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Kí ó tó lọ, ó pe Wúràọlá, ó gbé ìbọn kan jáde láti inú àpótí onírin. Ìbọn bàbá-bàbá rẹ̀ ni. Ọkùnrin yẹn ti lọ wa kùsà ní Amẹ́ríkà kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, òun àti ìbọn náà ni wọ́n sì jọ wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Genova. Ìbọn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, igi ìdí rẹ̀ pọ́n, ó ń dán. Ọta kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan: a ó fa irin abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ihò ìdí rẹ̀ á ṣí, a ó ki ọta kan sí i, a ó pa á dé, a ó yìn ín, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Signor Matteo ní kò sí ẹlòmíràn tí òun lè fún. Wọ́n jọ lọ ṣe ìwé rẹ̀, ìbọn sì di ti Wúràọlá.

Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó. Kò sẹ́ni tó mọ ọta tó ń jẹ. Nọ́ńbà 22 hàn lára irin, àwọn lẹ́tà kan sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti jẹ wọ́n. Signor Matteo fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló yìn ín, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá-bàbá rẹ̀ ló sì bá a ki ọta sí i. Ó ní ẹ̀ẹ́kejìlélógún náà ni, irú èyí tí gbogbo ayé ń yìn.

Wúràọlá gbé e lọ síbi ìyìnbọn. Nígbà tó ki ọta ẹ̀ẹ́kejìlélógún tí gbogbo ayé ń yìn sínú rẹ̀, ọta náà wọlé wẹ́rẹ́, bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀. Ó mi ìbọn díẹ̀, ó gbọ́ ọ tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó pe ọkùnrin tó ń darí ìyìnbọn lọ́jọ́ náà, ó sọ ohun tó gbọ́ fún un. Ọkùnrin náà ní ìbọn tó ti dàgbà ni, ara rẹ̀ ti dẹ̀, kó máa yìn ín. Wúràọlá bá yìn ín.

Ìró tó jáde dà bí ikọ́ arúgbó. Èéfín gba ìdí ìbọn padà, ó bo dígí tó fi dáàbò bo ojú rẹ̀. Bébà tirẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ihò kankan lára rẹ̀. Bébà dókítà eléyín tó ń yìnbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló gba ọta náà, dókítà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọwọ̀tọwọ̀ pé ó fi máàkì kún máàkì òun. Nígbà tí Wúràọlá ṣí ìdí ìbọn, kòròfo ọta tó jáde ti wú bí ẹ̀wà tó sùn sínú omi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti là láti òkè délẹ̀.

Kò yin òmíràn. Ó rọra ti ìbọn bọ àpò, ó fi kòròfo náà sínú àpamọ́wọ́. Inú rẹ̀ kò dùn rárá, kì í sì í ṣe sí ọkùnrin náà, sí ara rẹ̀ ni. Ìka òun ti sọ fún òun pé ọta yìí kò bá ihò yìí mu, òun sì fi etí gbọ́ ti ẹlòmíràn. Nígbà tó fóònù sí Genova, Signor Matteo tọrọ àforíjì títí, ó ní bóyá kó kúkú gbé e kọ́ sára ògiri. Wúràọlá ní ìbọn kì í ṣe fọ́tò. Ó sì ti kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìdíje kan tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Padua ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, ìdíje àwọn ìbọn àtijọ́ tó ń gba ọta kan, ní àádọ́ta mítà.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, Bùkọ́, ní ọkọ tó ń jẹ́ Oyèkọ́lá, tó ń fi ẹ̀rọ gé irin ní ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn ìlú. Oyèkọ́lá jẹ́ ẹni tó máa ń wọn ìrẹsì kó tó jẹ ẹ́. Bùkọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, nígbà tó sì di ọ̀sán Saturday, ó dé sílé Wúràọlá pẹ̀lú kálípà tó fi ń wọn irin nínú àpótí pẹlẹbẹ, bíi dókítà tó wá wo aláìsàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká bi ìbọn fúnra rẹ̀," ló wí. "Òun nìkan ni kò lè parọ́."

Ó ti ra imí ọjọ́ wá. Ó yọ́ ọ nínú agolo mílíìkì lórí iná kékeré ní báńkónì, ó fi àkísà dí inú ọ̀pá ìbọn kọjá ibi tí ọta ń dé, ó sì rọra da imí ọjọ́ gbígbóná náà sínú ihò ìdí rẹ̀. Òórùn náà gba ilé kan. Tíolúwaní, tó ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún, jáde láti yàrá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ dí imú.

"Mamma, che puzza!" ló wí, ó ń ṣí gbogbo fèrèsé bó ṣe ń rìn.

Ìyá rẹ̀ ní bó bá ń rùn sí i, kó wá ran àwọn lọ́wọ́ kó lè tètè tán. Ọmọ náà kùn, ṣùgbọ́n kò padà wọ yàrá. Nígbà tí Oyèkọ́lá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti imí ọjọ́ tó ti dì jáde, tó bọ́ sórí tábìlì bí ìka ọmọ ọwọ́ tó pọ́n bí pupa ẹyin, Tíolúwaní ló kọ́kọ́ mú un wò. Gbogbo inú ihò náà ló hàn lára rẹ̀, gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀, títí dé ibi tí ètè ọta ń jókòó sí.

Oyèkọ́lá fi kálípà mú un. Ìbú rẹ̀ lé díẹ̀ ní mìlímítà mẹ́fà. Ó mú ọta tí gbogbo ayé ń yìn, kò tilẹ̀ pé mẹ́fà. Ìyàtọ̀ wọn kò tó ìdajì mìlímítà, ìyẹn ló sì la kòròfo náà.

Tíolúwaní gbé kọ̀ǹpútà wá. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ọta tó ń jẹ́ ẹ̀ẹ́kejìlélógún pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, bí àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ní kíláàsì kan. Méjì péré ló ní ìbú irú èyí tó wà lórí tábìlì. Ọ̀kan ti wà láyé kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀, èkejì sì jáde ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, ìbú kan, ètè kan, idẹ kan. Ṣùgbọ́n àbúrò fi mìlímítà méjì àti díẹ̀ gùn ju ẹ̀gbọ́n lọ, ẹ̀tù inú rẹ̀ sì lágbára jù ú lọ jìnnà.

"Ìbọn yìí ti dàgbà kí wọ́n tó bí àbúrò," ni Oyèkọ́lá wí. "Ẹ̀gbọ́n ló ń jẹ. Tí ẹnikẹ́ni bá ti èyí tó gùn wọ inú rẹ̀ tipátipá, ó lè wọlé, nítorí ihò rẹ̀ ti jẹ díẹ̀. Ṣùgbọ́n irin ìdí rẹ̀ kò ní lè gba agbára rẹ̀. Ojú yín ni yóò gbà á."

Wúràọlá gbọ́. Láti Monday, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fóònù sí àwọn tó ń ta ọta ní Turin, ó dé Genova, ó dé Brescia. Gbogbo wọn ní àbúrò. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ fún un pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje Padua, àwọn oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ máa ń pàtẹ àwọn ọta àtijọ́ sínú gbọ̀ngàn ibẹ̀, kó lọ gbìyànjú.

Ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀ ni òun àti Oyèkọ́lá wọ̀. Bùkọ́ ti di mọ́ínmọ́ín fún wọn, wọ́n sì ti jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó dé Milan. Ní Padua, lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ìwé ìbọn wò ní ẹnu ọ̀nà, Wúràọlá ń bi ẹni kọ̀ọ̀kan léèrè láti tábìlì dé tábìlì, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin ará Vicenza kan tó ń jẹ́ Toso, tó ní irùngbọ̀n funfun. Toso rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó gbé agolo bísíkíìtì kan jáde. Ó ní òun ra gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ olóògbé kan, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n olóògbé ti da wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ọgọ́ta ni gbogbo wọn.

Oyèkọ́lá na ọwọ́ sí kálípà. Wúràọlá ní kó dúró ná. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sórí tábìlì, ó mú ọta kọ̀ọ̀kan láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, ó ń yí i, ó ń gbé e sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ojú rẹ̀ ń wo òkè. Bó ṣe máa ń ya àtàṣímẹ́ǹtì fífẹ́lẹ́ kúrò lára èyí tó ki nìyẹn, tí yóò sì máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lọ. Àwọn ènìyàn ń dúró wò ó. Nígbà tó parí, mọ́kànlélógójì ẹ̀gbọ́n wà lọ́tùn-ún, méjìdínlógún àbúrò wà lósì, ọ̀kan sì dá wà ní àárín.

Oyèkọ́lá fi kálípà wọn gbogbo rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Kò ṣi ẹyọ kan. Ó wá mú èyí tó wà láàárín, ó wọ̀n ọ́n, ó ní ẹ̀gbọ́n lèyí náà, kí ló dé tó fi yà á sọ́tọ̀? Wúràọlá ní kó fi èékánná gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbà á, ó sì rí i: ó ti sán, ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun.

Toso gbé èyí tó ti sán sápá kan, ó wá sọ ojú abẹ níkòó. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n yìí ti gbó, òmíràn nínú wọn lè má dún rárá, ìdíje sì kù wákàtí méjì. Àbúrò tuntun wà lọ́wọ́ òun, odindi páálí, tó máa ń dún gẹ́lẹ́ tí a bá ti yìn ín. Ó ní òun ti rí àwọn tó fi í sínú irú ìbọn yìí, tí wọ́n kàn tì í díẹ̀.

"Signora," ló wí, "mìlímítà méjì ni."

Wúràọlá wo páálí náà. Kò ní purọ́, ó wù ú. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá ọta, ó ti jí ní aago mẹ́rin, Signor Matteo sì ń bọ̀ láti Genova láti wá wo ìbọn bàbá-bàbá rẹ̀. Tí ọta bá kọ̀ tí kò dún, ìtìjú ni. Ó mú àbúrò kan àti ẹ̀gbọ́n kan, ó gbé wọn dúró lórí àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ máa ń sọ wá sí i lọ́kàn: ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà jọ pósí èlírí.

"Mìlímítà méjì," ló dáhùn ní èdè Italy, "nínú iṣẹ́ tèmi, òun ló ń mú kí pátì-ín ìyàwó yà kúrò láàárín orí lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àwọn àgbà yìí ni kí ẹ dì fún mi."

Toso rẹ́rìn-ín títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi ń mì. Ó kọ orúkọ Wúràọlá àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ sínú rẹ́jísítà, ó sì di ogójì ọta ó lé ọ̀kan fún un.

Signor Matteo dé pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, ó wọ táì. Wọ́n fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn àwọn ayìnbọn. Nígbà tí Wúràọlá ki ọta àkọ́kọ́ sínú ihò, ó wọlé pẹ́kí, kò mì, kò dún. Ó yìn ín. Ihò kan là lára bébà, lápá òkè, ṣùgbọ́n lórí bébà tirẹ̀. Èkejì kò dún. Ó mú ẹnu ìbọn dúró síbi àmì, ó ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, nítorí ọta àgbà a máa ronú kó tó sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ló yọ ọ́. Ẹ̀kẹta dún. Ẹ̀kẹrin dún. Ó ti mọ ibi tí ìbọn náà ń fì sí báyìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mẹ́wàá tí wọ́n fẹ́ kà.

Méjì tún kọ̀ láàárín wọn, wọ́n sì jẹ́ kó pààrọ̀ wọn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, máàkì mẹ́rinlélọ́gọ́rin ló ní nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn mẹ́tàlélógún ló díje. Ó ṣe ipò karùn-ún. Oníṣòwò oògùn kan láti Treviso tó ti fẹ̀yìn tì ló gba ipò kìíní, ó sì wá bọ Wúràọlá lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìdíje, wọ́n ṣí ibẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yìn. Wúràọlá gbé ìbọn náà fún Signor Matteo. Wọ́n gbé àga sídìí rẹ̀ kó lè jókòó yìn ín, wọ́n fi àpò ìyanrìn tì í. Wúràọlá ló bá a ki ọta sí i. Bàbá náà pẹ́ gan-an kó tó fa ìbọn, ó pẹ́ débi pé ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo Wúràọlá. Ó wá yìn ín. Máàkì mẹ́sàn-án.

Ó ṣí ìdí ìbọn fúnra rẹ̀, ó mú kòròfo tó ṣì gbóná, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yípo. Kò wú, kò là. Ó nà án sí Wúràọlá kí òun náà rí i, ó sì béèrè bóyá òun lè yin òmíràn. Wúràọlá ní kó yin méjì sí i, ṣùgbọ́n kó má yin mẹ́ta, nítorí wọn kò pọ̀ nílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, bàbá náà yin méjì.

Àwọn tó wò ó níwájú tábìlì Toso ni wọ́n mú ìròyìn náà wọ Turin ṣáájú rẹ̀. Kí ọdún tó parí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń gbé agolo wá bá a: ọta tí ẹ̀gbọ́n bàbá fi sílẹ̀, ọta tí wọ́n bá nínú àjà, tí páálí rẹ̀ ti sọnù. Títí di òní, ní ọjọ́ Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, Wúràọlá máa ń jókòó sídìí tábìlì kan ní ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí nínú ẹgbẹ́, aṣọ àwọ̀ ewé ni wọ́n tẹ́ síwájú rẹ̀. Ọkùnrin tó darí ìyìnbọn lọ́jọ́ tí kòròfo là náà wà lára àwọn tó ń tò. Wúràọlá a mú àwọn ọta náà níkọ̀ọ̀kan, a yí i, a yà á. Bó bá sọ pé mẹ́ta nínú tìrẹ kò ṣe é yìn, kí o kó wọn lọ fún àwọn ọlọ́pàá, ẹnikẹ́ni kì í bá a jiyàn. Bó bá parí, a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí òjé, a mu kọfí rẹ̀ tó ti tutù, a sì dìde lọ gba àyè rẹ̀ níbi ìyìnbọn.